Ọ̀nà Tí Àpò Áírìṣì Gbà Wọ Jos

Ìrìnàjò tí mo fẹ́ sọ yìí kò gùn. Bokkos ni mo ti gbéra, mo gba Barkin Ladi àti Heipang kọjá, mo dúró ní Bukuru, mo wọ Jos, mo sì parí rẹ̀ ní apá àríwá ìlú, níbi tí ọjà Farin Gada àti ilẹ̀ Yunifásítì Jos ní Naraguta kò ti jìnnà síra wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbà á láti oko wá sí ilé ẹ̀kọ́ ni, nítorí bí ẹrù oko ṣe ń rìn nìyẹn. Òdìkejì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì wa ń gbà: wọ́n á ti kíláàsì lọ wo ebè, wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń gbìn àti bí a ṣe ń fín oògùn, wọ́n á sì padà. Ohun tó wà láàárín ebè àti ìkòkò ọbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Èrò tèmi ni pé àárín yẹn gan-an ni ìyà àgbẹ̀ Plateau pọ̀ sí, àti pé ó yẹ kí ọmọ tí orí rẹ̀ pé fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ìmọ̀ òwò àgbẹ̀ àti títa irè oko. Ó dùn mí pé a ti sọ ọ́ di àpótí tí a ń kó ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó fún ìmọ̀ ìṣègùn sí.

Bokkos tutù. Òkè tí ó wà lórí rẹ̀ ga ju 1,200 mítà lọ, òtútù yẹn ló sì bá ọ̀dùnkún òyìnbó lára mu, èyí tí ará ọjà ń pè ní Áírìṣì, tí àwọn Hausa ń pè ní dankalin Turawa. Àwọn Òyìnbó tó wá wa tánńganran lórí òkè yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni wọ́n mú un dé, nítorí oúnjẹ ara wọn. Lónìí, iye tí a sábà máa ń tọ́ka sí ni pé nínú Áírìṣì mẹ́wàá tí Nàìjíríà ń gbìn, ó lé ní mẹ́sàn-án tó ń ti Plateau wá: Bokkos, Mangu, Barkin Ladi, Riyom, Jos South. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gbìn ín. Ti òjò ń wọlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, a sì máa wà á ní oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ. Ti ẹ̀ẹ̀rùn, omi ni wọ́n ń fà sí i, nígbà mìíràn láti inú adágún tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀. Ẹ wá wo oṣù Keje. Gbogbo oko pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ tutù, ọ̀nà oko sì ti di ẹrẹ̀. Nínú Áírìṣì márùn-ún, bí ẹni gbé omi mẹ́rin dání ni. Iṣu ṣeé so mọ́ ọgbà fún oṣù mélòó kan. Áírìṣì tí ara rẹ̀ kò tíì gbẹ yóò rà nínú àpò, èyí tí oòrùn bá sì kàn yóò di àwọ̀ ewé, yóò korò, yóò ní májèlé nínú. Nítorí náà àgbẹ̀ kò lè dúró. Ẹni tó bá mú owó wá lọ́sẹ̀ yẹn ló ń dá iye lé e. Bẹ́ẹ̀ ni a ń sọ fún àgbẹ̀ yìí kan náà pé kó gbin irúgbìn tó dára jù, kó da ajílẹ̀ sí i, kí irè rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Bí irè gbogbo wọn bá di ìlọ́po méjì ní oṣù Keje, ẹni tó ń jẹ Áírìṣì díndín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní Ìbàdàn kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ máa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Owó ọjà á wó, ẹni tó ṣiṣẹ́ jù á sì rí owó tó kéré jù. Mi ò sọ pé kí a pa ìmọ̀ irúgbìn tì, nítorí àrùn tó jẹ Áírìṣì run ní ilẹ̀ Ireland láti 1845 ṣì ń jẹ ẹ́ lórí òkè yìí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìmọ̀ irúgbìn nìkan lè sọ àgbẹ̀ di òtòṣì tí àká rẹ̀ kún.

Bí mo ṣe ń bọ̀ wá sí Bukuru, àpò ni ohun tó gba ojú mi jù. Wọ́n máa ń rọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ á fi kún, wọ́n á tún fi okùn hun orí lé e kó lè gbà sí i. Àpò kan ni orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́, ṣùgbọ́n àpò Bokkos, àpò Bukuru àti àpò Mile 12 ní Èkó lè má ṣe ọgbọọgba, nítorí kò sí ẹni tó gbé e lé ìwọ̀n. Ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n, ahọ́n ni wọ́n sì fi ń ná an. Níbi tí kò bá sí ìwọ̀n, ẹni tí ìkánjú bá bá ló ń pàdánù, àgbẹ̀ sì ni ìkánjú máa ń bá. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí tí wọ́n fi ń pariwo pé alágbàtà ló ń mu ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀, pé kí ìjọba lé wọn kúrò, kó máa fúnra rẹ̀ ra ẹrù lọ́wọ́ àgbẹ̀. Àwa Yorùbá ló yẹ kó kọ́kọ́ mi orí sí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí a ti dán an wò. Ní 1947 ni ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó sílẹ̀. Ní 1954 ó bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìtajà ti Ìwọ̀ Oòrùn. Wọ́n ní àwọn yóò gba àgbẹ̀ lọ́wọ́ ọjà tó ń lọ sókè sódò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ rẹlẹ̀ púpọ̀ sí ti ọjà àgbáyé, wọ́n sì ń kó ìyàtọ̀ rẹ̀ pamọ́. P. T. Bauer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, ti fi èyí hàn nínú ìwé rẹ̀ ní 1954. A kò lè sẹ́ pé owó yẹn kọ́ ohun rere: òun ló gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 ró, òun ló sì kọ́ Ilé Kòkó tó parí ní Ìbàdàn ní 1965. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó orí tún wá gun owó kòkó tí kò tó nǹkan, àwọn àgbẹ̀ tó ń pe ara wọn ní Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní 1968, ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀.

Wọ́n tú àwọn ìgbìmọ̀ náà ká ní 1986, àgbẹ̀ sì rí owó gidi gbà lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí a gbàgbé ni pé ìgbìmọ̀ kò ṣe rírà nìkan. Àwọn aláyẹ̀wò wà tó ń gé kòkó wò, tó ń yà á sí ìpele, tí wọn kì í jẹ́ kí èyí tó bu wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí a wó ilé náà, a wó ògiri rere pọ̀ mọ́ èyí tó ti yẹ̀, orúkọ kòkó wa sì bàjẹ́ lójú àwọn olùrà. Gánà kò tú ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ká, títí dòní ni kòkó wọn sì ń gba owó lé orí nítorí dídára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbẹ̀ ibẹ̀ náà ń ráhùn lórí iye tí ìjọba ń dá. Ta ló wá yẹ kó mọ ògiri tí a ó wó àti èyí tí a ó fi sílẹ̀? Ìbéèrè tí a fi ń dá ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní yunifásítì nìyẹn. Eleni Gabre-Madhin, ọmọ Etiópíà, fi àwọn alágbàtà ọkà ìlú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé. Ó lọ wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́, ó sì rí i pé iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń so àjèjì tí kò mọra pọ̀, wọ́n ń fi orúkọ ara wọn dúró fún dídára ẹrù. Lórí ohun tó kọ́ níbẹ̀ ló fi darí dídá ọjà àpapọ̀ Etiópíà sílẹ̀ ní 2008, tó ní ìwọ̀n, ìpele àti ilé ìkẹ́rùsí. Ọjà náà ní àléébù, nítorí àwọn olùra kọfí ráhùn pé bí a ṣe ń da kọfí pọ̀ ní ìpele ni orúkọ oko tó ti wá ń sọnù. Síbẹ̀, ẹni tó ti kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ alágbàtà ló lè kọ́ ohun tó sàn jù ú lọ.

Wọ́n máa ń sọ pé àwọn ìyá wa kò lọ sí yunifásítì kí wọ́n tó mọ ọjà. Òótọ́ ni, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ gbà á. Jos fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ojú irin kékeré tó ti Zaria wá dé Bukuru ní 1914 nítorí tánńganran, àti ojú irin ńlá tó gba Kafanchan wọlé lẹ́yìn náà, kó àwọn ará Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà dé ìlú yìí, wọ́n sì dá òwò sílẹ̀ láìsí ìwé ẹ̀rí kankan. Àjàpá jẹ́ ìmọ̀. Alájàpá mọ iye tí ẹrù ń lọ ní ọjà márùn-ún, ó mọ ẹni tó ń san gbèsè àti ẹni tí kì í san. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ yẹn ti ara rẹ̀ ni, kò sì sí ìdí tí yóò fi sọ ọ́ fún àgbẹ̀ tó ń ná ọjà pẹ̀lú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Niger, nígbà tí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká ń dé ọjà kan lẹ́yìn èkejì láàárín 2001 sí 2006, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Jenny Aker ṣe ìwádìí iye tí ọkà ń lọ, ó sì rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye ọjà kan sí òmíràn fi ìdá 10 sí 16 nínú 100 dínkù. Ọkà kò pọ̀ sí i, ọ̀nà kò dára sí i. Ọ̀rọ̀ nìkan ló rìn kánkán. Ìyá ọlọ́jà kan kò lè rí èyí láti orí ìsọ̀ rẹ̀, bó ti wù kó gbọ́n tó, nítorí ó gba kí ẹnì kan kọ iye ọjà púpọ̀ sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kó má sì jèrè nínú ọ̀kankan wọn.

Ní Farin Gada, tòmátò ni olórí. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀pá hun ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á to apẹ̀rẹ̀ lé apẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ á sì gbà á lọ sí gúúsù, ìrìn tó lé ní 800 kìlómítà kó tó dé Èkó. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ń di omi. Ìjọba fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tòmátò Nàìjíríà tó ń ṣòfò kó tó dé ẹnu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń wàásù àpótí oníke tí kì í fún ẹrù pa, síbẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ló ṣì pọ̀. Àwọn kan ní ọ̀lẹ àti agídí ni. Mo wò ó, mo sì rí i pé ìṣirò ni. Àpótí wọ́n ju apẹ̀rẹ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ padà láti Èkó kó tó pa owó rẹ̀. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ àpótí òfìfo? Bí wọ́n bá sì ń fi apẹ̀rẹ̀ ńlá dá iye, ta ni yóò san kún owó fún àpótí kékeré tí kò sí èyí tó fọ́ nínú rẹ̀? Ẹni tó ṣe àpótí náà ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ìdáhùn tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ òwò àgbẹ̀, kò sì tíì dé.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù lórí òkè yìí ni acha, ọkà wẹ́wẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń se gwate. Nítorí pé ó kéré bí iyanrìn, iyanrìn máa ń bá a rìn, òkúta tí eyín sì ń bá pàdé ló ń lé olùrà sá. Ọkà yìí kan náà, tí ayé ń pè ní fonio, ni Pierre Thiam, alásè ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, àti ilé iṣẹ́ Yolélé tí ó bá wọn dá sílẹ̀ ń tà ní Amẹ́ríkà nínú ìdì tó mọ́, tí wọ́n kọ bí a ṣe ń sè é sí ara rẹ̀. Oko wọn kò ju ti Plateau lọ. Ṣíṣa òkúta, dídi ẹrù, àti mímọ ẹni tí yóò rà á ni wọ́n fi jù wá lọ.

Ẹni tó ń tọ́jú ọmọ yóò béèrè iṣẹ́ tí ọmọ náà yóò ṣe. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ọdún márùn-ún ni oyè iṣẹ́ àgbẹ̀ ń gbà ní Nàìjíríà. Ìdáhùn mi ni pé ilé iṣẹ́ tó ń sọ ọkà di ohun títà ti wà ní Jos fún ọjọ́ pípẹ́, NASCO àti Grand Cereals lára wọn, àti pé gbogbo ọ̀nà tí mo gbà wá yìí ni iṣẹ́ tí kò tíì ní ẹni tó ń ṣe é wà. Àtakò tó wúwo jù ni ti ààbò. Ìpànìyàn tó ń wáyé ní Barkin Ladi, Mangu àti Bokkos, títí kan ti àsìkò Kérésìmesì 2023, kì í ṣe ohun tí ẹ̀kọ́ kankan lè wò sàn, àgbẹ̀ tó sá kúrò lóko kò sì ní ohun tí yóò tà. Mo gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí àwọn tó ṣì ń gbìn tún pàdánù lójú ọ̀nà. Àtakò mìíràn ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá: ní 2017, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, ti Abẹ́òkúta lára wọn, pa ẹ̀kọ́ ìṣàkóso òwò àti irú rẹ̀ tì, kí wọ́n gbájú mọ́ oko. Ìdí wọn yé mi, nítorí àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà ti ń ṣáko, ẹ̀ka ètò ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni èrò tó wà lábẹ́ àṣẹ náà, pé òwò kò sí lára iṣẹ́ àgbẹ̀.

Naraguta ni mo parí ìrìn sí. Ẹ̀ka Yunifásítì Ìbàdàn ni ilé ẹ̀kọ́ yìí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971, ó dá dúró ní 1975, ọjà oúnjẹ tútù kò sì jìnnà sí kíláàsì rẹ̀. Ọdún kẹrin ni akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ máa ń lò lóko. Ì bá wù mí kí ẹni tó ń kọ́ òwò àgbẹ̀ lo oṣù mẹ́ta nínú rẹ̀ lẹ́yìn àpò Áírìṣì kan ṣoṣo: kó gbé e lé ìwọ̀n ní Bokkos, kó tún un wọ̀n ní Bukuru, kó tún un wọ̀n ní Mile 12, kó kọ gbogbo owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn sílẹ̀, ti awakọ̀, ti alárù, ti ẹni tó dúró sójú ọ̀nà, kó sì padà lọ kà á sétí àgbẹ̀ tó ni àpò náà, ní èdè tó gbọ́, kí oṣù Kẹrin tó dé.