Ojú Méjì Lẹ́nu Géètì

Ẹ̀yin abiyamọ, bí baálé yín bá ń gbèrò láti fi ẹ̀rọ sí géètì ẹnu ọ̀nà, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun àti wẹ́dà nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe, ó sì kù díẹ̀ kí n kábàámọ̀ rẹ̀ títí ayé.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò wúlò. Tẹ́lẹ̀ rí, èmi ni mo máa ń pọn ọmọ sẹ́yìn jáde lọ ṣí géètì bí baálé mi bá tẹ fèrè ọkọ̀ lóru, nínú òjò àti òkùnkùn, tí ọkàn mi kì í balẹ̀ títí n ó fi tì í padà. Inú mi dùn nígbà tí wẹ́dà dé. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó jó géètì tuntun tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 14, ó sì fi sìmẹ́ǹtì mọ ojú irin sílẹ̀ kí ó lè máa yí lọ yí bọ̀ lórí rẹ̀. A tẹ rìmóòtù, géètì ṣí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ti ara rẹ̀.

Nígbà tí a ń dúnàádúrà, ó dárúkọ ohun kan tí ó pè ní ojú. Méjì ni wọ́n, wọ́n kọjú sí ara wọn lára òpó méjèèjì. Ọ̀kan ń ta ìmọ́lẹ̀ tí a kò lè rí, èkejì ń gbà á. Bí ohunkóhun bá dí ìmọ́lẹ̀ náà nígbà tí géètì ń tì, géètì yóò dúró tàbí kí ó padà sẹ́yìn.

“Ṣùgbọ́n kò pọn dandan, Màmá,” ni ó wí. “Bátìrì ni kí ẹ fi owó yẹn rà, nítorí iná tí ń lọ.”

Baálé mi gbà, èmi náà gbà.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, bàbá wọn wa ọkọ̀ jáde. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, sáré tẹ̀lé e, ó ń ké pè é. Géètì ti bẹ̀rẹ̀ sí tì. Mo ju aṣọ tí mo ń sá sílẹ̀, mo fà á ní apá. Irin náà há ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ òpó, kò sì dúró. Ẹ̀wù ya, ọmọ bọ́. Ó pẹ́ kí n tó lè dìde nílẹ̀.

Wẹ́dà ní ohun tí a sanwó fún ni òun ṣe. Kò purọ́.

Oníṣẹ́ mìíràn ni a pè, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ tú ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ní kí n fi ọwọ́ ti géètì. Agbára káká ni ó fi lọ. Ó ní nítorí pé kò yọ̀ dáadáa lójú irin ni wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ lágbára jù, tí kò fi mọ̀ nígbà tí ó kan ọmọ. Ó tún fi hàn mí pé kò sí irin ìdádúró ní ìpẹ̀kun ojú irin: géètì lè yọ, kí ó sì wó lu ènìyàn. Ìyẹn dẹ́rù bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún ojú irin ṣe, ó jó ìdádúró mọ́ ọn, ó dín agbára ẹ̀rọ kù, ó sì fi ojú méjèèjì sí ìwọ̀n tí ọmọ kékeré kò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

N kò sanwó tán títí ó fi ti páálí sí ẹnu géètì lẹ́ẹ̀mẹta, tí géètì sì padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. (Páálí ni kí ẹ̀yin náà lò, ẹ má fi ọwọ́ yín dán an wò.) Ó kọ́ mi bí a ti ń lo kọ́kọ́rọ́ náà, nítorí bí iná bá lọ tí bátìrì sì tán, òun ni a ó fi jáde. Baálé mi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ó ń bẹ lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi nísinsìnyí.

Páálí náà ṣì wà níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo ń gbé e jáde. Ọmọkùnrin mi a bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun tì í. N kì í gbà. Ẹnu ilẹ̀kùn ilé ni ó ń dúró sí, a máa ka iye ìgbà tí géètì padà.