Omi pọ̀ l'Ékòó, ṣùgbọ́n níbo l'ọmọ Ẹgbẹ́dá ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú dáńfó ní Ẹgbẹ́dá lọ́sàn-án Sátidé, etí rẹ̀ á kún. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ń pe "Ìdímù! Ìkọ̀tún!", oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ń tẹ fèrè, ìyá alágbàdo ń fẹ́ná, télọ̀ ń tẹ máṣíìnì lẹ́bàá títì. Èrò rẹpẹtẹ! Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn ará Alímọ́ṣọ́ lé ní 1,200,000. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó lérò tó o ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó.

Kí ni wọn kì í tà l'Ẹ́gbẹ́dá? Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá fẹ́ kí ọmọ òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, hòtẹ́ẹ̀lì ni wọn ó júwe fún un. Owó ibẹ̀ kì í sì í ṣe owó tí aláta lè máa san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gùn ní Mákòókò, kó tó mọ ìwé ló ti mọ omi. Ti Ẹgbẹ́dá ńkọ́? Orí ilẹ̀ ló dàgbà sí. Ọjọ́ tó bá tẹ̀lé ẹgbẹ́ lọ sétí òkun, ẹ̀rù dé nìyẹn. Omi ò lọ́tàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í mojú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ní 2021 nìkan, bí 300,000 èèyàn ni omi gbé lọ káàkiri ayé.

Sùúrùlérè kò kúkú jìnnà. Ibẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ pápá ìṣeré ńlá sí ní 1972, fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ti oṣù kìíní ọdún 1973, pẹ̀lú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó bá ti àgbáyé mu. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀. Ní 2020, ìjọba ń wá olówó tí yóò bá wọn tún pápá ṣe. Olóyè Kessington Adebutu ló gba ti Sùúrùlérè. Pápá bọ́ọ̀lù a máa rí alátìlẹyìn. Omi kì í tètè rí i.

Kí ló ń pa adágún? Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Èyí tó gùn ní mítà 50, tó fẹ̀ ní 25, tó jìn ní 2, ń gba omi 2,500,000 lítà. Tánkà 10,000 lítà á já omi nígbà 250 kó tó kún! Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ máa sẹ́ omi ọ̀hún, oògùn gbọ́dọ̀ máa wọnú rẹ̀. Bí iná bá lọ, dísù ni. Bí pọ́ǹpù bá dákẹ́ lọ́jọ́ mélòó kan, omi á di àwọ̀ ewé, ẹ̀fọn á gbabẹ̀. Ìjọba á ti ilẹ̀kùn, ó parí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílùú Òyìnbó. Ní Brockwell Park, nítòsí Brixton ní London, káńsù ti adágún kan pa ní 1990. Àwọn méjì tó ti ṣiṣẹ́ fún káńsù náà rí ló ṣí i padà ní 1994. Ní Jesmond, ní Newcastle, káńsù ti tiwọn ní 1991. Kí 1992 tó parí, àwọn ará àdúgbò ti gbà á, wọ́n ń bójú tó o fúnra wọn. Ní Jámánì, ẹgbẹ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ náà ń gba adágún lọ́wọ́ ìlú: wọ́n ń gé koríko, wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ta ìpápánu.

Ṣé wọ́n lówó ju káńsù ni? Rárá o. Ẹni tó ń lo nǹkan ló ń tètè mọ̀ tó bá fẹ́ bàjẹ́. Bí tiransifọ́mà bá jó l'Ẹ́gbẹ́dá, ta ló ń dáwó? Ẹgbẹ́ onílé ni. Ta ló ń rí sí i pé ọjà mọ́? Ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni. Iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ bàbá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹgbẹ́, ojú máa ń wà lára rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Adágún tó ti bàjẹ́, tí ìjọba kó lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láìsí owó, gbèsè ni. Kí ìwé àdéhùn wà. Kí wọ́n tún pọ́ǹpù ṣe kí wọ́n tó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Kí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ èèyàn lómi máa wà níbẹ̀ nígbàkígbà tí ọmọ bá wà nínú rẹ̀.

Adágún kékeré, mítà 25 sí 10, tó jìn ní mítà kan àtààbọ̀, tánkà 38 péré ni omi rẹ̀. Ṣé ìyẹn ti pọ̀ jù fún Alímọ́ṣọ́? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin ìyá Ẹgbẹ́dá, ẹni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́dọ̀ yín, ẹ bi í léèrè ibi tọ́mọ yín ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé, bó bá ti lè ṣe é, ẹ̀yin lẹ ó máa ṣọ́ ọ.