Ohun Tó Jẹ́ Tiwa, Ohun Tó Jẹ́ Ti Ilé

Gbogbo ẹni tó mọ Ìbàdàn ló ti rí gbólóhùn yìí lára ògiri: “Ilé yìí kì í ṣe títà. Ẹ ṣọ́ra fún 419.” Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, nítorí àwọn gbájú-ẹ̀ tí wọ́n ń ta ilé onílé fún ẹni tí kò fura. 419 yẹn ni nọ́ńbà abala tó sọ̀rọ̀ nípa jìbìtì nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa. Ó wà lára ògiri ilé bàbá àgbà mi ní Òkè-Àdó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nígbà tí ẹbí fẹnu kò lọ́dún yìí pé kí a ta ilé náà, gbólóhùn yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí a fi ọ̀dà kùn pa kí a tó ya fọ́tò kankan.

Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ fọ́tò lé lọ́wọ́, nítorí èmi ni mo wà nílé, fóònù mi ló sì ń ya àwòrán dáadáa jù. Bàbá Àgbà ti papò dà. Màmá Àgbà kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ilé ẹbí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá tà. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Gbogbo wọn ti fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ara owó náà la ó ti yọ ìtọ́jú Màmá, kí àwọn ọmọ méjèèje sì pín ìyókù ní orí-ò-jorí. Ẹ rí i pé iye tí ilé yìí bá mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Ẹjẹ́ńtì sì ti kìlọ̀ fún wa pé fọ́tò ló máa pinnu bóyá ènìyàn á pe òun, tàbí á kàn fi ìka ta á kọjá lórí fóònù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí ó lè kan ẹ̀yin náà lọ́jọ́ kan. Ìmọ́lẹ̀ ni olórí. Ẹ ká gbogbo kọ́tìnì, ẹ nu gíláàsì fèrèsé, ẹ gbọn eruku ara nẹ́ẹ̀tì. Yàrá tó kọjú sí ìlà oòrùn, àárọ̀ ni kí ẹ yà á. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná NEPA. Igun yàrá ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ gbé fóònù ní ìbú, kí ó wà níwọ̀n àyà yín, kí ògiri má baà dà bí ẹni pé ó fẹ́ ṣubú. Ẹ kó kẹ́ẹ̀gì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò ní balùwẹ̀, ẹ gbé sílíńdà gáàsì kúrò lójú ọ̀nà ní kíṣìnnì. Níta, ẹ ro koríko, ẹ gbá ojúde, ẹ ká aṣọ lórí okùn. Lẹ́ǹsì tó ń fẹ ojú àwòrán wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Ó máa ń sọ yàrá kékeré di gbọ̀ngàn, nítorí náà ẹ lò ó níwọ̀nba. Tí ènìyàn bá ṣì ń gbé inú ilé náà, ẹ pa ètò tó ń fi ibi tí a ti ya fọ́tò pamọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ìwé kankan tó ní orúkọ hàn.

Gbogbo ìyẹn rọrùn. Ibi tí iṣẹ́ ti le ni pálọ̀.

Àbúrò bàbá mi tí wọ́n ń gbé ní Manchester ti fi àlàyé ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí: kí n kó gbogbo fọ́tò ẹbí kúrò lára ògiri, kí ẹni tó fẹ́ ra ilé lè fojú inú rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹjẹ́ńtì náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti yọ kàlẹ́ńdà ìsìnkú mẹ́ta àti fọ́tò ìgbéyàwó mẹ́rin, mo wá na ọwọ́ sí fọ́tò ńlá Bàbá Àgbà. Màmá jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń wò mí.

“Ta ló ní kí o gbé bàbá yín sọ̀kalẹ̀?”

“Ẹjẹ́ńtì ni, Màmá.”

“Ṣé ẹjẹ́ńtì ti bá wọn jẹun rí?”

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ olùrà fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó fẹ́ ra ilé ò wá fẹ́ mọ ẹni tó kọ́ ọ?” Ṣùgbọ́n wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n nu ún, wọ́n sì fi ìró wé e.

Ọ̀rọ̀ Màmá ò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní, ilé. Bíríkì àti páànù ni ilé. Ibi tí à ń sọ pé à ń lọ tí iṣẹ́ bá parí, ilé náà ni. Òun ló wà nínú ìdílé, òun ló wà nínú ará ilé. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì fún un, ọ̀kan fún ohun tí bíríkìlà kọ́, ọ̀kan fún ibi tí ọkàn ẹni wà. Mo wá rí i pé ohun tí ẹjẹ́ńtì ń ní kí n ṣe ni kí n la ọ̀rọ̀ wa sí méjì, kí n gbé apá kan fún un, kí ẹbí sì gbé èkejì lọ sí Abẹ́òkúta.

Mo lè ṣe ìyẹn. Àmọ́ nígbà tí a dé yàrá ẹ̀yìn lókè, ẹjẹ́ńtì rí ibi tí ògiri ti lanu, láti ara àjà títí dé orí fèrèsé, pẹ̀lú àmì ibi tí òjò ti jò sí lára àjà náà. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Fọ́tò bàbá yẹn dà? Ẹ gbé e kọ́ síbí. Ó máa bò ó dáadáa.”

Fọ́tò tí kò yẹ kí olùrà rí ní pálọ̀ ti wá wúlò.

Ní kíláàsì ìlò-èdè, a ka iṣẹ́ H. P. Grice tó jáde ní 1975. Ó ní olùgbọ́ máa ń gbà pé ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀ ń sọ òótọ́, ó ń sọ ọ́ tó bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ náà bá ohun tó wà nílẹ̀ mu, kò sì lọ́ ọ pọ̀. Orí ìgbàgbọ́ yìí ni olùgbọ́ dúró lé tó fi ń rí ìtumọ̀ tí a kò fẹnu sọ. Fọ́tò ilé náà ń sọ̀rọ̀. Tí mo bá kọ́ fọ́tò Bàbá sórí ògiri yẹn, ẹni tó ń wò ó á gbà pé ògiri tó dára ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní la ẹnu purọ́, irọ́ náà á sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé pérépéré.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí WhatsApp ẹbí. Àbúrò bàbá mi ọkùnrin ò fẹ́ gbọ́ ọ: “Ṣé àwa fúnra wa la máa pe aláǹgbá wá síbi tí ògiri ti lanu?” Wọ́n ní owó Màmá ni a ń gé. Ti Manchester ní òfin ibẹ̀ kò gba ẹjẹ́ńtì láàyè láti fi ohun pàtàkì pamọ́ fún olùrà. Wọ́n dá wọn lóhùn pé Òkè-Àdó kì í ṣe Manchester. Ohun tí mo sọ ni pé kò sí ẹni tó máa ra pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìbàdàn láì mú bíríkìlà dání. Tó bá gbé fọ́tò yẹn kúrò, kì í ṣe ògiri nìkan ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí. Á fura sí ìwé ilẹ̀, á fura sí ààlà, á fura sí ìbuwọ́lùwé ẹbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà, tí wọ́n jẹ́ dáwódù, ló parí rẹ̀: “Yà á bó ṣe wà.”

Fọ́tò 14 ni mo fi ránṣẹ́. Ògiri náà ni ìkẹsàn-án. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ wá wo ilé mú bíríkìlà dání lóòótọ́. Ó lọ tààrà sí yàrá ẹ̀yìn, ó ní, “Èyí tí mo rí nínú fọ́tò nìyí,” ó sì yọ owó àtúnṣe rẹ̀ kúrò nínú iye tó fẹ́ san. Kò bi wá léèrè nípa ògiri mìíràn. A ṣì ń dúnàádúrà. Àbúrò bàbá mi ṣì ń sọ pé fọ́tò mi ti ná wa lówó, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Màmá kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Tó bá kan yín, bí mo ṣe rò ó nìyí. Ohun tó bá jẹ́ tiyín, ẹ kó o kúrò pátápátá, nítorí ẹ kò tà á mọ́lé: fọ́tò, kàlẹ́ńdà, àga Màmá. Ohun tó bá jẹ́ ti ilé, ẹni tó ń bọ̀ ló ni ín. Ẹ jẹ́ kó rí i, yálà ó dára tàbí kò dára. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan, ẹ kọ́kọ́ ya gbogbo yàrá bó ṣe wà, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, pẹ̀lú aṣọ lórí okùn, pẹ̀lú ẹni tó jókòó síbẹ̀. Mo ya 41 irú ẹ̀ fún Màmá, mo sì ti lọ tẹ̀ wọ́n jáde.