Ọmọ Ta Ni Ó Wà Nínú Ọkọ̀ Náà?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àwọn ọmọ kíláàsì wa mẹ́fà kó ara wọn wá sí ilé wa ní Ìjọ́rà láti wo àwòrán sinimá kan tí wọ́n ti ń ròyìn rẹ̀ fún ara wọn tipẹ́. Orúkọ sinimá náà ni Hijack '93. Ọ̀gbẹ́ni Robert Peters ni ó darí rẹ̀, orí Netflix ni a sì ti gbé e jáde ní oṣù October ọdún 2024. Kì í ṣe àlọ́ ni ó ń pa, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníṣẹ́ sinimá fi ọ̀rọ̀ tiwọn kún un, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

Kí ìtàn náà lè yé ẹ̀yin tí a kò tíì bí nígbà náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní ṣókí. Ní ọjọ́ 12 oṣù June ọdún 1993, gbogbo Nàìjíríà dìbò láti yan ààrẹ. Èsì tí ó ń jáde fi hàn pé Olóyè M. K. O. Abíọ́lá ni ó ń borí, ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fagi lé ìbò náà. Ìlú dàrú, àwọn sójà yìnbọn lu àwọn tí ó ń fẹ̀hónú hàn ní Èkó ní oṣù July. Ní oṣù August, Babangida lọ, a sì fi ìjọba fìdíhẹ ti Olóyè Ernest Shonekan sí ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ Monday, ọjọ́ 25 oṣù October, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin wọ ọkọ̀ òfúrufú Nigeria Airways tí ó ń ti Èkó lọ sí Àbújá. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra tán, wọ́n dìde, wọ́n sì gbà á mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ìjọba fìdíhẹ kúrò, kí a sì dá ẹ̀tọ́ padà fún ẹni tí ará ìlú yàn. Ìlú Frankfurt ní Jámánì ni wọ́n fẹ́ dé, ṣùgbọ́n epo ọkọ̀ kò lè gbé wọn débẹ̀, nítorí náà ni ọkọ̀ fi balẹ̀ sí Niamey, olú-ìlú Niger.

Nígbà tí sinimá dé ibi tí àwọn ọ̀dọ́ náà ti dìde láàárín èrò, àwọn ọmọ wa pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó parí, ọ̀kan nínú wọn yíjú sí wa, ó wí pé, "Tísà, ẹ ti wà láyé nígbà náà. Ǹjẹ́ inú yín dùn ní ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ?" Ìbéèrè náà bá wa láìròtẹ́lẹ̀. A sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti ṣú, kí wọ́n máa lọ sílé, a ó dá wọn lóhùn ní ọjọ́ Monday.

Òótọ́ ni pé inú wa dùn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni wá ní ọdún náà. Orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé baba wa ní Ìjọ́rà yìí ni a jókòó sí pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n wa, tí a fi etí sí rédíò, nígbà tí a gbọ́ ìròyìn náà. Gbogbo wa fò sókè, a sì pàtẹ́wọ́, nítorí ó dàbí ẹni pé nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, ẹnì kan ti gbẹ̀san fún wa.

Ìyá wa, tí í máa ta ẹja, ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀ lọ́wọ́. Ó sọ agbada rẹ̀ kalẹ̀, ó bi wá pé kí ni a ń yọ̀ fún. A sọ fún un. Ẹ rántí pé òun pẹ̀lú tò sórí ìlà nínú oòrùn ní June, Abíọ́lá ni ó sì dìbò fún. Kò bá wa pàtẹ́wọ́. Ó wí pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọmọ ta ni ó wà nínú ọkọ̀ náà?" Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn nínú wa. Ó gbé agbada rẹ̀, ó wọlé.

A tú ọ̀pọ̀ èrò sílẹ̀ ní Niamey, ṣùgbọ́n a dá àwọn kan dúró títí di ọjọ́ Thursday, ọjọ́ 28, tí àwọn jàndámù Niger já wọ inú ọkọ̀. Wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ náà, wọ́n sì gba èrò sílẹ̀. Ẹ̀mí kan ṣòfò: òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ náà kan, tí ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Monday láti lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí rédíò sọ ọ́, a kò lè wo ojú ìyá wa.

Kí ni ìgbésẹ̀ náà mú wá? Ní ọjọ́ 17 oṣù November, ìjọba fìdíhẹ kúrò ní tòótọ́, ṣùgbọ́n Ọ̀gágun Sani Abacha ni ó gbà á, sójà mìíràn. Abíọ́lá kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù July ọdún 1998. Àwọn ọ̀dọ́ náà lò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ ní ẹ̀wọ̀n Niger. Kí wọ́n tó jáde, ìjọba alágbádá ti dé. Ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ tó kéde ọjọ́ 12 oṣù June gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìjọba àwa-ara-wa. Àwọn àgbà a máa wí pé àìfẹ̀sọ̀ké ìbòsí kò ṣeé gbè. Ẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí jàre, nítorí olè ni a ja ará ìlú; ṣùgbọ́n ọrùn ẹni tí kò jalè ni wọ́n di okùn mọ́.

Nítorí náà, a kò dá àwọn ọmọ wa lẹ́bi pé wọ́n pàtẹ́wọ́. Rédíò kò fi ojú èrò kan hàn wá ní ọdún 1993. Orúkọ ìlú àti ohun tí àwọn ọ̀dọ́ náà ń bèèrè nìkan ni a gbọ́. Sinimá yìí mú wa jókòó láàárín àwọn tí ẹ̀rù ń bà, èyí sì ni oore tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n kò tó wákàtí méjì tí ó fi parí, a sì dìde a jẹun. Àwọn tí a dá dúró nínú ọkọ̀ ka ọjọ́ mẹ́rin.

Ní ọjọ́ Monday, a dúró níwájú kíláàsì, a sì jẹ́wọ́. A wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, inú wa dùn, ojú sì tì wá lẹ́yìn náà." A sọ ìbéèrè ìyá wa fún wọn. Kíláàsì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ọmọ tí ó bi wá léèrè náà dìde, ó wí pé, "Tísà, bí a kò bá gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ẹni tí a fagi lé ìbò rẹ̀ yóò ṣe?"

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ wa, ìbéèrè méjèèjì ni a kọ sára pátákó ní ọjọ́ náà, ti ìyá wa lókè, ti ọmọ náà nísàlẹ̀. A kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù wọ́n títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí, nítorí a rò pé ẹni tí ó bá dáhùn ọ̀kan tí ó fi èkejì sílẹ̀ kò tíì dáhùn rárá.