Nígbà Tí Àṣìṣe Kì Í Parẹ́

Òfin kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láyé ọjọ́un: má pa á rẹ́. Bí o bá kọ 4.7 sínú ìwé láàbù, tí o wá rí i pé 7.4 ni, fa ìlà kan ṣoṣo la àṣìṣe náà kọjá, kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fọwọ́ sí i, kọ ọjọ́ sí i. Yíǹkì la fi ń kọ ọ́. Ìwé náà máa ń ní ẹ̀yìn líle, gbogbo ojú ewé rẹ̀ sì ní nọ́ńbà, débi pé bí ẹnikẹ́ni bá fa ọ̀kan ya, àlàfo ibẹ̀ ni yóò tú u fó. Olùkọ́ tó bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò rí ibi tí o ti ṣìnà àti ọjọ́ tí o padà sọ́nà, kí o tó la ẹnu sọ ohunkóhun.

Bákan náà ni kíkọ àpilẹ̀kọ ìwádìí rí ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. A ó wọ ilé ìkàwé, a ó wá jọ́nà rí, a ó jókòó tì í, a ó sì fi ọwọ́ da ohun tí a nílò kọ sórí káàdì pélébé: orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, ojú ewé. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbólóhùn ẹlòmíràn kì í tètè gbàgbé ẹni tó ni ín. Ìtọ́kasí kì í kúkú ṣe àjèjì sí wa; ọmọdé tó pòwe níwájú àgbà láìní “tótó, ó ṣe bí òwe”, kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Bó bá di títẹ̀, a ó gbé e lọ fún ẹni tí ń tẹ tàípù, kábọ̀n á wà láàárín pépà, ẹ̀dà bíi mélòó kan á sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣìṣe ńlá kan lè mú kí wọ́n tún odindi ojú ewé tẹ̀, owó sì ni. Èyí ló ń mú kí ènìyàn ro gbólóhùn gígùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́ kó kúrò nílé. Ojú àwọn tí ń kọ̀wé nípa èdè Yorùbá tún rí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀rọ náà kò mọ àmì abẹ́ ẹ, ọ, ṣ, kò mọ àmì ohùn, bírò ni wọ́n fi ń fi gbogbo rẹ̀ sí i, lójú ewé kọ̀ọ̀kan, nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó débẹ̀ rárá, bírò pupa alábòójútó á ti kọjá lórí rẹ̀: Kí lo ní lọ́kàn níbí? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mélòó ni àwọn tí o yẹ̀ wò?

Iṣẹ́ ńlá jáde láti Ìbàdàn láyé ọjọ́un. Ní 1968, Benjamin Oluwakayode Osuntokun tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú jọ́nà Brain lórí àrùn tí kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn kan ní Nàìjíríà lè rìn gún régé, tó tún lè ba ojú àti etí jẹ́. Ó yẹ aláìsàn wò, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó wọn bí iṣan wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí rẹ̀ tọ́ka sí májèlé sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́.

Síbẹ̀, kí a má fi àárò purọ́. Ní oṣù Kẹrin 1953, James Watson àti Francis Crick tẹ àpilẹ̀kọ wọn lórí bí DNA ṣe rí jáde nínú Nature. Kò ju bí ojú ewé kan lọ, ó sì yéni yékéyéké. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Rosalind Franklin wà lára ohun tó là wọ́n lójú, wọn kò sì gba àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ níbi ìdúpẹ́ ní ìparí, wọn kò sọ bí gbèsè náà ti tó. Ìwé lè yéni dáadáa kó sì fi ọ̀nà tó gbà débẹ̀ pamọ́.

Fífi ọ̀nà pamọ́ yìí ló wá rọrùn jù lónìí. Nínú Excel, bí o bá tẹ 7.4 lé 4.7, 4.7 ti lọ nìyẹn, bí ẹni pé kò wà rí. Gbólóhùn ẹlòmíràn kò tún gba ọwọ́ wa kọjá mọ́. Ìka méjì ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ti kó o wọ àárín tìrẹ. Láti ìgbà tí ChatGPT sì ti dé ní oṣù Kọkànlá 2022, gbólóhùn tó ń dán lè jáde láìsí ẹni tó rò ó. Ẹ̀rọ náà lè to ìtọ́kasí sílẹ̀, kí òǹkọ̀wé, ọdún àti jọ́nà pé pérépéré, kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ má sì sí láyé. Ìdí nìyí tí ICMJE, ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, fi là á kalẹ̀ ní 2023 pé ẹ̀rọ kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé, nítorí kò lè dáhùn fún ohun tó kọ, àti pé ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Turnitin ni a wá fi rọ́pò bírò pupa. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yìí ń fi ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wé ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ, ó sì ń sọ iye tó bára mu nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́n sí i: wọ́n á máa yí ọ̀rọ̀ padà títí nọ́ńbà náà yóò fi wálẹ̀, gbólóhùn á wá lọ́ débi pé ẹni tó kọ ọ́ gan-an kò lè túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó jókòó sílé hùmọ̀ gbogbo èsì ìwádìí rẹ̀ lè yege níbẹ̀ pátápátá, torí irọ́ tuntun kì í jọ ohun tí ẹnikẹ́ni ti kọ rí.

N kò ní kí a padà sídìí kábọ̀n. Fóònù ọmọ kan ní Ìsẹ́yìn lè ṣí jọ́nà tí àwa ń dúró dè fún oṣù mélòó kan. Google Docs pàápàá ń tọ́jú àyípadà tí a ṣe sí ìwé, ọ̀pọ̀ jọ́nà sì ń béèrè fún àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí èsì ti jáde. Ipasẹ̀ náà wà, a kàn kò rí ẹni tó ń tọ̀ ọ́ ni. Ohun tó dà bíi pé ó yẹ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé fáìlì àkọ́kọ́ rẹ̀ wá, kí olùkọ́ fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà kan, ìtọ́kasí kan, gbólóhùn kan, kó ní, “Ṣàlàyé èyí fún mi.” Àwọn olùkọ́ ìgbà yẹn kò gbọ́n ju ti òní lọ; akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́rùn wọn ló kéré, wọ́n sì ráyè béèrè. Àyè yẹn ló yẹ kí àwọn yunifásítì wa kọ́kọ́ náwó lé lórí, kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ mìíràn.