Ìgbì Àlejò

Òkun kò jìnnà sí Cadjèhoun. Lóru, bí àwọn alùpùpù bá ti dákẹ́, a máa ń gbọ́ ìró ìgbì láti orí ibùsùn wa. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé mo mọ òkun yìí, títí di ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé ní Marseille, fi awò ojú tí a fi ń mòòkùn ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ ọdún 16 ni. Ó fẹ́ gba etíkun wọ omi, kí ó wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní a kò ní lọ láìwo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Mo ṣí fóònù mi nínú àgbàlá: atẹ́gùn kò ju kìlómítà 9 ní wákàtí kan lọ. Imọ̀ àgbọn aládùúgbò wa kò mì rárá.

« Tonton, ṣé a lè lọ? »

« Ó yá. »

Nígbà tí a dé Fidjrossè, omi tẹ́jú bí ọ̀sà. Àwọn apẹja jókòó, ọkọ̀ wọn wà lórí iyanrìn. N kò bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀. Ọmọ náà wọ omi dé itan. Kò pẹ́ tí ìgbì kan fi dìde. Èkejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta gbé ọmọ ṣubú, omi tó ń padà sí ibú sì ń wọ́ ọ lọ. Mo kígbe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbé mi. Àwọn apẹja ló sáré wọ omi pẹ̀lú okùn àwọ̀n wọn, tí wọ́n sì fà á jáde. Awò ti bómi lọ, iyanrìn kún ẹnu rẹ̀.

Àgbàlagbà kan nínú wọn wò mí, ó ní: « Ọmọ mi, àwa tí a ń ti inú òkun jẹun jókòó sílẹ̀ lónìí, ìwọ wá mú ọmọ wọ̀ ọ́? » N kò rí èsì fọ̀.

Lálẹ́, mo tún ṣí ojú-ìwé àsọtẹ́lẹ̀ náà. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Gíga ìgbì: mítà 1,6. Àkókò tó wà láàárín ìgbì kan àti èkejì, tí àwọn Faransé ń pè ní « période »: ìṣẹ́jú-àáyá 17. Atẹ́gùn nìkan ni mo kà, èmi tí mo ń kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lójoojúmọ́ pé kí wọ́n ka ìbéèrè tán kí wọ́n tó dáhùn.

Ìgbì ńlá tó ń dé Cotonou kì í ṣe ọmọ atẹ́gùn Cotonou, àlejò ni. Ìjì tó ń jà ní ìsàlẹ̀ gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ló ń gbé e dìde, pàápàá láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, tí òtútù mú ní ọ̀hún. Ó ń rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó tó kan ilẹ̀ wa. Bí àkókò àárín ìgbì bá ṣe gùn tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ ló sì ń rìn: ìgbì ńlá mélòó kan á wọlé, omi á sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn ló tàn mí jẹ.

Ìgbì yìí ti dá àwọn tó lágbára jù mí lọ lẹ́kun. Nítorí « la barre », ibi tí ó ti ń fọ́, ni àwọn Faransé ṣe na afárá irin wọ inú òkun ní Cotonou ní ọ̀rúndún 19, nítorí ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ ilẹ̀. Òun náà ló ń ti iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn. Èbúté tí a ṣí ní 1965 dí iyanrìn náà lọ́nà, òkun sì ti jẹ ilẹ̀ ní ìhà Akpakpa.

Mo pe àbúrò mi, mo sọ òtítọ́ fún un. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní: « Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa kà á tán. »

Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ní ìsinsìnyí, ìgbà ọyẹ́, tí òkun máa ń rọ̀ díẹ̀, ni a ń lọ. Mo ń ka gíga ìgbì, àkókò àárín rẹ̀ àti ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Bí a bá dé etíkun, a ó jókòó fún 20 ìṣẹ́jú, a ó máa wo omi. Ṣùgbọ́n kí a tó jókòó, a ó kọ́kọ́ kí àwọn apẹja. Bí ọkọ̀ wọn bá wà lórí iyanrìn, a kì í bọ́ aṣọ.