Ọ̀rẹ́ Mi Tó Ń Ṣọ́ Ibodè

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn tó ń kéú lọ́dọ̀ mi ní Ilémọ̀nà bi mí pé òun fẹ́ wọṣẹ́ aṣọ́bodè, ṣé iṣẹ́ hàlálì ni? Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ustaadh, owó ló ń wá lọ o!" Mi ò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá sí mi lọ́kàn.

Tí a bá fi ti ìwé wò ó, ìdáhùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ le. Láyé Umar ọmọ Khattaab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, wọ́n máa ń gba owó lórí ọjà tó bá ń gba ibodè kọjá. Ziyaad ọmọ Hudayr wà nínú àwọn tí Umar yàn sídìí iṣẹ́ náà. Ìdá kan nínú ogójì ni ti Mùsùlùmí, ìdá kan nínú ogún ni ti onísìn mìíràn tó wà lábẹ́ ààbò, ìdá kan nínú mẹ́wàá sì ni ti oníṣòwò tó bá ti ilẹ̀ ọ̀tá wá. Abu Yusuf sọ nínú Kitaabul-Kharaaj pé Kírísítẹ́nì kan láti ìran Taghlib mú ẹṣin kọjá, wọ́n díye lé e ní 20,000, Ziyaad sì gba 1,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà tún gba ibẹ̀ padà láàárín ọdún kan náà, Ziyaad tún ní kó mú 1,000 wá. Ó gbéra, ó tọ Umar lọ. Ọ̀rọ̀ ṣókí ni Umar fi dá a lóhùn, ọkùnrin náà sì rò pé wọn ò ka òun sí, ó ti ń múra láti san owó náà. Nígbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ Ziyaad, lẹ́tà Umar ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ pé ẹni tó bá ti san kò gbọdọ̀ san mọ́ lọ́dún náà.

Àwọn alfa kan kò fara mọ́ owó ibodè òde òní rárá, àríyànjiyàn wọn gùn, mi ò lè tú u síbí. Ìwé kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Orí wàláà kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí ti kọ́ álífù. Nígbà tí a parí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéú, òun wọ aṣọ ìjọba. Àwa ará ilé máa ń pa gbogbo àwọn tó wà ní ibodè pọ̀ mọ́ra wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n ló ń yẹ èèyàn àti ìwé ìrìnnà wò, aṣọ́bodè ló ń yẹ ẹrù. Ẹrù ni tirẹ̀. Ojúmọ́ a mọ́, á dúró sínú oòrùn, á ṣí búùtù ọkọ̀, á ka àpò, á kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá di òru, wọ́n á lọ lúgọ sínú igbó, torí onífàyàwọ́ kì í gba ẹnubodè. Ìbọn ti pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Mo rán an létí hadíìsì tí Tirmidhi gbà wá, nípa ojú tó sunkún nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun àti ojú tó ṣọ́nà mọ́jú lójú ọ̀nà Ọlọ́hun, pé iná ò ní kàn wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má tíì fún òun ní Álùjánnà, ìrẹsì ni òun ń ṣọ́.

Ìbọn kọ́ ló sọ pé ó le jù, ohùn ni. Lọ́dún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ yìí. Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ẹbí ni wọ́n. Nítorí náà, èdè tirẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́. Láti ọdún 2016 ni ìjọba kò ti fẹ́ kí ìrẹsì òkèèrè gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Obìnrin kan tó tó ìyá rẹ̀ di ìrẹsì mọ́ ikùn bí aboyún. Nígbà tí wọ́n tú u, ó ní, "Ọkọ mi, ṣé o ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ mi jẹun ni?" Ó gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì náà. Títí dòní, kò tíì lè sọ fún mi bóyá ohun tó ṣe yẹn dára.

Àmọ́ ohùn tó tilẹ̀ ń dà á láàmú jù, láti ilé níbí ló ti ń lọ. Ó lo ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kadà ló ṣì ń gbé e wọlé tó bá wá sílé Iléyá. Àwọn èèyàn ní wọ́n ti sà á ni, wọ́n ní ahun ni. Ní wolimat kan tí a ṣe láti fi kan òrùlé ilé kéú wa, èmi ni mo mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́. Mo pariwo pé, "Ọmọ wa tó wà ní ibodè, ẹ má mà dójú tì wá o!" Ó dìde, ó fi 10,000 náírà sílẹ̀. Ìkùnsínú gba gbogbo abẹ́ àtíbàbà. Mo rí ojú rẹ̀, síbẹ̀ mo tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Bukhari àti Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Humayd As-Saa'idi pé Ànábì, ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a, rán Ibnul-Lutbiyya lọ gba sàká. Nígbà tó dé, ó pín ohun tó kó wá sí méjì, ó ní èyí ni tiyín, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Ànábì gun mímúbárì, ó bi àwọn èèyàn léèrè ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò fi jókòó sílé bàbá rẹ̀ tàbí ilé ìyá rẹ̀, kó wá wò ó bóyá ẹ̀bùn náà á bá a níbẹ̀. Mo ti kọ́ àìmọye ọmọ ní hadíìsì yìí. Ní tiwa, ilé bàbá náà gan-an ló ń rán ọmọ lọ gba ẹ̀bùn.

Mo sì wà lára wọn. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba ti ibodè orí ilẹ̀, wọn ò bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ìrẹsì di ọ̀wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi gba ọ̀nà igbó kó ti tirẹ̀ wọlé, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé e níbi tí ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi wò mí, kò sọ̀rọ̀. Mo gbé fóònù.

Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ mi tán. Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ṣeé ṣe, Alfa. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí lọ́jọ́ Àgbéǹde, ṣé mo lè dárúkọ rẹ?"

Mo ní kó jẹ́ kí n tún un rò. Mi ò pè é padà. Ìrẹsì náà lọ, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kò sì kí mi fún ọdún méjì gbáko.

Lánàá, mo pe ọ̀rẹ́ mi nítorí ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè yìí, mo ní kó bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ó ní iṣẹ́ alẹ́ ló kan òun, kí a pe òun lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Bí mo ṣe fẹ́ pa fóònù, ó tún pè mí. Ó ní ṣé bàbá ọmọ náà wà láyé? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bàbá náà ni kí n kọ́kọ́ fún ní fóònù.